Títúlẹ̀ ọgbà nígbà òjò: ṣé ó yẹ kí katakata wọ ilẹ̀ tó ṣì tutù?

Olóko Mọ́níyà

Ẹ kú ọ̀rinrin o, ẹ̀yin ará. Mo ní ilẹ̀ bí éékà méjì lẹ́yìn Mọ́níyà, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ́yìn. Apá òkè rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ sún mọ́ odò, ó dúdú, ó sì máa ń di omi mú. Mo fẹ́ gbin àgbàdo sí òkè, kí n sì sọ ìsàlẹ̀ di ọgbà ẹ̀fọ́, ata àti ilá. Mo ti san àsansílẹ̀ fún oníkatakata, ó sì ti dá ọjọ́ Àbámẹ́ta fún mi, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Bí mo bá tẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ náà, bàtà mi á rì, omi á sì sun síbi tí mo ti fẹsẹ̀ kúrò.

Aládùúgbò mi ti túlẹ̀ tirẹ̀ lánàá. Ó ní ilẹ̀ tútù rọrùn fún irin láti wọ̀, àti pé katakata tí èèyàn bá jẹ́ kó kọjá lè má padà títí oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí, òótọ́ ni, gbogbo wa la mọ̀ pé katakata kò kárí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni èyí àkọ́kọ́: ṣé ewu gidi wà nínú kí n túlẹ̀ báyìí, àbí ìbẹ̀rù lásán ni?

Onímọ̀ Ilẹ̀

Aládùúgbò yín kò parọ́ pé irin ń tètè wọ ilẹ̀ tútù. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé irin nìkan ló ń wò, kò wo táyà.

Ilẹ̀ tó dára fún irúgbìn kì í ṣe erùpẹ̀ nìkan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ àlàfo, ìyẹn àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà wọlé, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbà dé ìdí gbòǹgbò. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ níwọ̀nba, hóró erùpẹ̀ a máa di ara wọn mú, wọ́n sì lè gbé ẹrù. Tí omi bá ti wọ àárín wọn, wọn a máa yọ̀ lórí ara wọn, nítorí náà bí ohun wúwo bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á sún pọ̀, àwọn ihò ńlá tó yẹ kó máa fa àgbàrá wọlé ni yóò sì kọ́kọ́ dí. Katakata alágbára ẹṣin 75 tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa wúwo tó tọ́ọ̀nù 2.5 sí 3 kí a tó so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn, orí táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà sì wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí táyà bá kọjá ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ìgbà kejì àti ìkẹta lójú kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ kún un.

Ohun kan wà tí ẹni tó dúró létí oko kì í sábà kíyè sí. Nígbà tí katakata bá ń fi irin aláwo túlẹ̀, táyà apá ọ̀tún rẹ̀ kì í rìn lórí ilẹ̀, inú poro tí awo gbẹ́ ní ìrìn tó kọjá ló ń gbà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìsàlẹ̀ poro gan-an, níbi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, ni ó ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni awo á da erùpẹ̀ rírọ̀ bo ibẹ̀, oko á rí múlọ́múlọ́ lójú, olóko á sanwó pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì ní í mọ̀ pé ìpele líle kan ti wà nísàlẹ̀ títí gbòǹgbò àgbàdo yóò fi kàn án tí yóò sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún wo ojú ibi tí awo ti gé ilẹ̀ amọ̀ tútù: á máa dán bí ìkòkò tí amọ̀kòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ pa. Ibi tó bá dán báyẹn, ihò rẹ̀ ti dí.

Kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé, ẹ mú ọkọ́, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tí irin yóò dé. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé òkè ilẹ̀, nítorí oòrùn wákàtí díẹ̀ lè gbẹ òkè nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì kún fún omi. Ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ náà díẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i títí yóò fi gùn. Bí ó bá lè tín-ínrín dé mílímítà 3 láì já, ilẹ̀ náà ti tutù jù fún katakata. Bí ó bá ń já, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ kí ó tó tín-ínrín bẹ́ẹ̀, ẹ lè ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ oníyanrìn kò ní í ṣeé yí rárá. Ẹ fún ti ibẹ̀ mọ́ inú ẹ̀kúnwọ́, bí omi kò bá rin àtẹ́lẹwọ́ yín tí ìṣù náà sì tú ká nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ó ti tó.

Awakọ̀ Òkè-Ògùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń jókòó nídìí sítíárì, nítorí àwa ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ilẹ̀ tútù ń jẹ owó àwa náà. Táyà á máa yí lójú kan, díísù á máa jó, iṣẹ́ kò sì ní í lọ síwájú. Bí táyà bá yí ìwọ̀n tó yẹ kó gbé katakata lọ mítà 100, tí katakata sì lọ 80 péré, 20 tó kù ti di yíyọ̀, yíyọ̀ yẹn náà ló sì ń lọ ilẹ̀ pọ̀ di ẹrẹ̀. Bí ó bá ti ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó yẹ kí awakọ̀ tó mọṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún olóko ní Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí pé ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé mo fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn tó san jù ú lọ.

Ti táyà tún kù. Púpọ̀ nínú wa máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú táyà títí tí yóò fi le koko nítorí ìrìn ọ̀nà ọlọ́dà, a ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ wọ oko. Táyà líle kò fẹ̀, ojú kékeré ló fi ń kan ilẹ̀, gbogbo ẹrù á sì kó síbẹ̀. Bí a bá dín afẹ́fẹ́ kù dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà là sílẹ̀ fún iṣẹ́ oko, ojú rẹ̀ á tẹ́, ẹrù á sì tàn ká. Ìyẹn ń ran òkè ilẹ̀ lọ́wọ́. Kò ran ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ìwúwo katakata kò yí padà.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Bí katakata bá rì sínú ẹrẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so igi mọ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè gun òkè jáde. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ń ṣe é. Tí igi náà bá há, táyà kò lè yí mọ́, agbára ẹ́ńjìnnì á sì wá ibòmíràn lọ: iwájú katakata ni yóò gbé sókè, yóò sì yí padà lu awakọ̀ kí ó tó rántí kílọ́ọ̀ṣì. Bákan náà ni tí a bá so ṣéènì mọ́ ibi gíga lẹ́yìn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ṣe fún fífà, nìkan ni a ń so nǹkan mọ́. Ẹ tú irin ìtúlẹ̀ kúrò, ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ̀yìn táyà, kí ẹ rọra fi rìfáàsì gba ibi tó gbà wọlé jáde. Bí kò bá gbà, ẹ pe katakata kejì, kí gbogbo èrò sì jìnnà sí ṣéènì.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀. Olóko, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: kí ni katakata fẹ́ lọ ṣe ní apá ìsàlẹ̀ yẹn?

Ẹ̀fọ́ la ń gbìn ní akúrọ̀ tiwa, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, ọkọ́ la sì ń lò. A ti pín ilẹ̀ náà sí bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ tí ọwọ́ èèyàn lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì fi ọ̀nà ìrìn sáàárín wọn. Ojú kan náà ni ọ̀nà ìrìn wà láti ọdún dé ọdún. Ẹsẹ̀ kì í tẹ orí bẹ́ẹ̀dì, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé tó wá já ẹ̀fọ́, torí pé ẹsẹ̀ èèyàn náà ń ki ilẹ̀ tútù mọ́lẹ̀, bí kò tilẹ̀ jìn tó ti katakata. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú òwe náà wọ inú ọgbà mi.

Bẹ́ẹ̀dì tó ga tún ń jẹ́ kí omi sọ̀kalẹ̀ kúrò nídìí irúgbìn. Gbòǹgbò ata àti tòmátì kò fẹ́ kí omi dúró lé òun lórí, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ. Nígbà tí àgbàdo bá sì pupa lẹ́wé nínú ilẹ̀ tí omi dúró sí, àwọn èèyàn á sáré ra ajílẹ̀ funfun wá dà sí i. Ìdí àrùn yẹn sábà máa ń jẹ́ àìrí afẹ́fẹ́ mí. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ irúgbìn inú ajílẹ̀ náà tí ẹ fowó rà, yóò di afẹ́fẹ́, yóò sì fò lọ. Ẹ kọ́kọ́ la ojú omi.

Àgbẹ̀ Ìrẹsì Èkìtì

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ẹ ti sọ, àmọ́ ó yẹ kí a yọ ìrẹsì akúrọ̀ sọ́tọ̀. Ní tiwa, a mọ̀ọ́mọ̀ ń po ilẹ̀ náà di ẹrẹ̀ ni. A ń lo katakata kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí èèyàn ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, tí wọ́n fi àgbá onírin rọ́pò táyà rẹ̀, ìpele tó ń dí nísàlẹ̀ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí omi jò lọ kúrò lábẹ́ ìrẹsì. Ohun tó jẹ́ àbùkù fún àgbàdo ni ìrẹsì ń wá.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti pò yẹn á gbẹ di ògúlùtu tí ọkọ́ ń ta lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti pín ilẹ̀ sí méjì nítorí rẹ̀, ibi ìrẹsì jẹ́ ti ìrẹsì, ibi ẹ̀fọ́ jẹ́ ti ẹ̀fọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilẹ̀ ọgbà kékeré tí mo háyà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbí, amọ̀ pọ́ńbélé sì ni ilẹ̀ London ní apá tiwa. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ nínú ọgbà náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ bẹ́ẹ̀dì lásìkò òjò. Pákó gbọọrọ ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró lé, kí ìwúwo ara lè tàn ká. Wọ́n sì máa ń da amọ̀ náà nígbà tí òtútù bá kù díẹ̀ kó dé, wọ́n á fi ògúlùtu sílẹ̀ gànnà-gànnà, yìnyín inú ilẹ̀ á sì fọ́ ọ fún wọn kí ó tó di ìgbà ìrúwé. Ṣé Olóko kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó túlẹ̀ báyìí, kí ó sì fi í sílẹ̀ kó tún ara rẹ̀ ṣe?

Onímọ̀ Ilẹ̀

Ẹ ṣeun, ìbéèrè pàtàkì nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ilẹ̀ tí omi ti ń dì. Nígbà tí omi inú ilẹ̀ bá dì, ó ń fẹ̀, ó sì ń la ògúlùtu. Omi kì í dì nínú ilẹ̀ Ìbàdàn. Ọ̀nà kejì tí ilẹ̀ fi ń tún ara rẹ̀ ṣe ni kí amọ̀ rẹ̀ máa wú nígbà òjò kí ó sì máa sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ilẹ̀ dúdú tó wà ní apá Borno àti Gombe ti ń ṣe. Amọ̀ tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ òkè lọ́dọ̀ wa kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni gbòǹgbò àti ekòló, àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ àsìkò, wọ́n tún ń fẹ́ kí nǹkan bo ilẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, kò jìnnà sí oko Olóko yìí, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Rattan Lal lo ọdún 1970 sí 1987 lórí irú ilẹ̀ yìí gan-an. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn ni pé níbi tí ẹ̀rọ ńlá bá ti ṣán igbó, tó sì ti túlẹ̀, àgbàrá ń gbá erùpẹ̀ lọ ju ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ lọ. Níbi tí wọ́n bá sì ti gbin àgbàdo láìtúlẹ̀, tí wọ́n fi koríko àti pòròpórò bo ilẹ̀, erùpẹ̀ tó ń lọ kéré púpọ̀. Ní 2020 ni wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Àgbàdo Lọ́jà

Gbogbo àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ ti gbàgbé kàlẹ́ńdà. Bí Olóko bá ń dúró de ilẹ̀ gbígbẹ, Òkúdù á bá a níbẹ̀, Òkúdù yìí sì ni òjò Ìbàdàn ń pọ̀ jù ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún. Àgbàdo tí a pẹ́ gbìn kì í ṣe dáadáa, ẹni tó tètè gbìn ló sì ń rí owó àgbàdo tútù. Ilẹ̀ tó kì díẹ̀ tó sì ní àgbàdo lórí sàn lójú tèmi ju ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lófìfo lọ.

Onímọ̀ Ilẹ̀

Ẹ jàre lórí ọjọ́ ìgbìn, èmi náà kò ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó pàdánù òjò àkọ́rọ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Ní apá òkè, tí ilẹ̀ bá yege nínú ìdánwò ẹ̀kúnwọ́, kí katakata wọlé. Ilẹ̀ oníyanrìn sábà máa ń fa omi rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Tí kò bá yege, ẹ ṣán koríko, ẹ jẹ́ kí ó sùn sórí ilẹ̀, kí ẹ fi àdá tàbí igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò gbin àgbàdo láàárín rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní ti èpò, ṣùgbọ́n èèyàn lè gbin éékà kan bẹ́ẹ̀ láì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ti ìsàlẹ̀ ni mo rò pé a ti ń fi ìgbà òjò dá ara wa láàmú lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tó sún mọ́ odò kì í ṣe oko ìgbà òjò. Ọrọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láti Bélú lọ, nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ kanrankanran tí owó ẹ̀fọ́ sì lọ sókè, tí ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa báyìí nítorí ilá tí omi lè gbé lọ, oko ẹ̀ẹ̀rùn yín lẹ fi ń ṣeré.

Olóko Mọ́níyà

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gbẹ́ ihò ní ibi mélòó kan láàárọ̀ yìí. Ti òkè fọ́ sí mi lọ́wọ́ láì rin àtẹ́lẹwọ́. Ti ìsàlẹ̀ yí di okùn tín-ínrín tí mo fi wé ìka, omi sì ti sun kún ihò náà kí n tó yí padà.

Mo ti pe oníkatakata. Òkè nìkan ni yóò ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí òjò ńlá kò bá rọ̀ mọ́ kí ó tó dé. Ó kọ̀ láti dá owó ìsàlẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó gbà pé kí owó náà dúró fún iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn òjò. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ọkọ́ ni n ó fi ṣe bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ní ìparí ọdún, mo sì máa wá béèrè lọ́wọ́ yín bí ó ti yẹ kí ó ga tó.

Aládùúgbò mi náà ti ń ka ìjíròrò yìí lórí fóònù mi. Ó ní kí n bi yín léèrè: èyí tí òun ti tú ńkọ́? Ojú ẹsẹ̀ táyà ti di adágún, ó sì fẹ́ kí katakata padà wá fọ́ ògúlùtu rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Awakọ̀ Òkè-Ògùn

Kí ó má pè é o. Ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí ògúlùtu tútù á sọ èyí tó ṣì ní ihò nínú wọn di ẹrẹ̀ pátápátá, ìgbà tí oòrùn bá sì ràn, orí ilẹ̀ á le.

Onímọ̀ Ilẹ̀

Mo ti awakọ̀ lẹ́yìn. Kí ó fi ògúlùtu sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó sì fi ọkọ́ la ojú omi láti inú ojú ẹsẹ̀ táyà lọ sí ibi tó dà, kí adágún náà lè ṣàn. Kí ó má ṣe rọ erùpẹ̀ dí ojú ẹsẹ̀ náà nígbà tó ṣì kún fún omi. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbà á, kí ó gbin òtílí sí ibi tó le jù, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jinlẹ̀, ihò tí ó bá fi sílẹ̀ nígbà tó bá jẹrà ni omi yóò máa gbà. Kí ó fi ewé àti koríko bo ìyókù, kí ekòló lè padà.

Àwọn kan á ní kí ó háyà irin gígùn tó ń la ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Irin yẹn wúlò nígbà tí ìsàlẹ̀ bá gbẹ nìkan, torí ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kí ó fọ́ ìpele líle náà wẹ́wẹ́. Nínú ilẹ̀ tútù, yóò kàn la ojú ọgbẹ́ kan kọjá ni, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì dán. Kí ó tó náwó sí i rárá, kí ó wá irin ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ó fi gún ilẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi lọ́jọ́ kejì òjò, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ lókè délẹ̀. Bí irin náà bá ń wọlé wẹ́rẹ́ tó sì dúró lójijì, kí ó fi ìka sí ojú ibẹ̀, kí ó fà á jáde, kí ó sì wọn ọ́n. Bí ó bá dúró ní ìwọ̀n jíjìn kan náà níbi gbogbo, ìpele líle ti wà nìyẹn, irin tí yóò bá háyà kò sì nílò kó jìn kọjá ìsàlẹ̀ ìpele náà ju díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ojú ẹsẹ̀ táyà nìkan ló ti dúró, òtílí àti ọkọ́ tó o.